Ọmọ Tí Kò Lè Lọ Ilé Ìwé Bí Ẹgbẹ́ Rẹ̀: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tó Wà ní Òṣogbo

Bí ọmọ bá ń jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ aṣọ ilé ìwé, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òbí ni, "Ta ló máa máa kọ́ ọ?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: inú rẹ́jísítà ilé ìwé wo ni orúkọ ọmọ yìí wà lónìí, ta ni yóò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò? Ẹni tó ń wá tísà kiri tí kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ lè rí tísà tó mọṣẹ́ dunjú fún ọdún mẹ́ta nínú ilé, kí ó mọ̀wé ju àwọn tó wà ní kíláàsì lọ, kí ìdánwò BECE tí gbogbo wa ń pè ní Junior WAEC wá dé, kí ó jẹ́ pé kò sí ilé ìwé kankan tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irú kan. Ọmọ tí fòníkú-fọ̀ladìde ń dá dùbúlẹ̀ lóṣooṣù wà nínú wọn. Ọmọ tí kò gbọ́ràn wà níbẹ̀, èyí tí kò ríran náà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó lóyún ní SS 1 ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láti Pírámárì 3, tó ń ti ọmọlanke ní Ìgbóna, ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n lé kúrò, àwọn kan sì wà tí ẹ̀rù àwọn tó ń lù wọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ padà. Ohun tó gba ọ̀kan là lè ba ti ìkejì jẹ́.

Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí jẹ́ kí ọmọ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, ọdún mẹ́sàn-án lápapọ̀. Òfin yìí kan náà ka ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, iṣẹ́ ọwọ́ kíkọ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara mọ́ ohun tó pè ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn kò bọ́ sí ìta òfin. Jíjẹ́ kí ọmọ jókòó lásán ni òfin kò gbà. Òfin kejì tó yẹ kí òbí mọ̀ ni èyí tó dènà ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì. Ọ̀gá ilé ìwé ìjọba tó bá ní "a ò gba irú ọmọ báyìí", ẹ rọra rán an létí òfin yìí kí ẹ tó yí ẹ̀yìn padà.

| Ọ̀nà | Ọmọ tó bá mu | Ta ni yóò forúkọ ìdánwò sílẹ̀? | Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ilé ìwé rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú àtúnṣe | Aláìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, aboyún, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà | Ilé ìwé náà, máàkì C.A. (ti iṣẹ́ kíláàsì àti ìdánwò kéékèèké) kò já | Àdéhùn ẹnu lásán tí ọ̀gá tuntun kò mọ̀ nípa rẹ̀ |
| Lẹ́sìnnì nílé | Ẹni tí dókítà ní kó má jáde | Kò sí, àfi bí orúkọ bá ṣì wà ní ilé ìwé kan | Tísà kọ́ ohun tó wù ú, kò sí àkọsílẹ̀ |
| Ilé ìwé àkànṣe | Adití, afọ́jú | Ilé ìwé náà | Wọ́n mú ọmọ débẹ̀ pẹ́ jù |
| Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àti ABEP (ètò tó ń kó ọdún mẹ́sàn-án pọ̀ sí mẹ́ta) | Ẹni tó ti dàgbà ju kíláàsì rẹ̀ lọ | Ibùdó náà, tàbí òun fúnra rẹ̀ bó bá di WAEC aládàáni | Ó kúrò lágbedeméjì |
| Iṣẹ́ ọwọ́ | Ọmọ tó ti bàlágà, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ìwé lọ | Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún NABTEB (ìdánwò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́). Lọ́dọ̀ ọ̀gá, Trade Test (ìdánwò ìjọba fún ẹni tó kọ́ṣẹ́) | Fírídọ̀mù nìkan, kò sí ìwé ẹ̀rí |

Kí ó dúró sí ilé ìwé rẹ̀, àbí kí tísà wá bá a nílé?

Méjì yìí ni òbí máa ń fi wéra jù. Tiwa ni pé kí a gbìyànjú ti àkọ́kọ́ dópin kí a tó fọwọ́ kan ìkejì, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní "kò lè lọ ilé ìwé" ló jẹ́ pé nǹkan mẹ́ta-mẹ́rin péré ni wọ́n nílò kí wọ́n lè lọ.

Ẹ wo ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS. Òùngbẹ, òtútù, ibà àti iṣẹ́ àṣekára ló sábà ń ru ìrora náà sókè. Ohun tí a ó bẹ ilé ìwé fún kò ju pé kí ike omi rẹ̀ máa wà lórí tábìlì rẹ̀, kí ó lè jáde lọ tọ̀ nígbàkigbà (ẹni tó ń mu omi púpọ̀ á tọ̀ púpọ̀), kí wọ́n má fi í sí ara àwọn tó ń gé koríko, kí ó wọ súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́ bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ bá ti ilé ìwé mu, kí wọ́n má sì mú un kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Kí akẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì máa bá a da nóòtì kọ lọ́jọ́ tí kò bá wá.

Ti ọmọ tó ní wárápá yàtọ̀, torí ìbẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn ló ń lé e kúrò ní kíláàsì ju àìsàn náà lọ. Wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í kó o ran ẹnikẹ́ni. Kí tísà mọ̀ pé bí ó bá mú un, kí a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a sì wo aago. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọsibítù ni. Tísà kan tó mọ èyí lè dá ọmọ náà dúró sí kíláàsì fún gbogbo ọdún.

Aboyún ńkọ́? Oyún kò mú orúkọ ọmọbìnrin kúrò nínú rẹ́jísítà. Kí a kọ ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ tó ń lọ fún ìtọ́jú oyún sórí kàlẹ́ńdà kan náà, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti forí gbárí. Kí a sì fẹnu kò ṣáájú ìbímọ lórí ẹni tí yóò gbé ọmọ dání ní aago mẹ́jọ sí méjì. Ibí yìí gan-an ni ìpadàbọ̀ ti ń bàjẹ́: inú rere pírínsípà kò lè ràn án lọ́wọ́ bí kò bá sí ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Gbogbo ohun tí a bá bèèrè, kí ó wà nínú lẹ́tà, pẹ̀lú ìwé dókítà láti Aṣúbíarò tàbí ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN. Ẹ̀dà mẹ́ta ni: ti ọ̀gá ilé ìwé, ti tísà kíláàsì, àti èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé wọ́n gbà, tó ń padà bọ̀ wálé. Bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá kọ̀, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀. Òṣogbo jẹ́ ìlú kan, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín in: ti Òṣogbo wà ní Òkè-Báálẹ̀, ti Ọlọ́rundá wà ní Ìgbóna. Ẹ wádìí èyí tó ni ilé ìwé náà kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́, kí ọjọ́ kan má baà ṣòfò. Ti sẹ́kọ́ńdírì, Abéèrè ni, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ní Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀kọ́.

Ó wá kù sí ọmọ tí kò lè jáde lóòótọ́: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú POP, tí ìrora rẹ̀ ń yọ lójoojúmọ́. Lẹ́sìnnì ló bá a mu. Àmọ́ kí orúkọ rẹ̀ má kúrò ní ilé ìwé rẹ̀. Ẹ má gba ìwé ìkúrò nítorí pé ọmọ máa wà nílé fún táàmù kan tàbí méjì.

Tísà tó ní NCE (ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni), tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN (àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀), ni kí a wá. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí méjèèjì wá kí a fi ojú rí wọn. Wákàtí méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti pọ̀ tó fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá: kò sí pípe rẹ́jísítà níbẹ̀, kò sí dídúró de àwọn tí kò tíì da nóòtì kọ tán. Kí wọ́n máa kọ́ ọ ní gbangba pálọ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí àgbàlagbà kan sì wà nílé. Èyí kò ní àyàfi, bí tísà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ẹni.

Ìlànà iṣẹ́ táàmù láti ilé ìwé rẹ̀ ni kí tísà máa tẹ̀lé. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ́ ọmọ ní ibi tó mọ̀ jù. Ọmọ á wá mọ Ìṣirò tó pọ̀, kò sì ní mọ nǹkan kan nínú Báyọ́lọ́jì. Kí ìwé àkọsílẹ̀ kan sì wà tí a ń kọ lójoojúmọ́, irú èyí:

*Mọ́ńdè. Ìṣirò: àròpọ̀ ìdá, ojú ìwé 41, a dúró ní nọ́ńbà 6. Ó gba 4 nínú 6. Èyí tó ń ṣì ni ibi tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti yàtọ̀ síra: ó ń ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, a dá dúró. Iṣẹ́ ilé: nọ́ńbà 7 sí 10, bí ara bá gbà.*

Ìlà mẹ́rin péré, ó ti tó. Ní Fúráídè, ẹnì kan nínú ilé á ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí tísà kíláàsì lórí WhatsApp. Ìyẹn ló ń mú kí ilé ìwé lè fún un ní máàkì C.A. láìṣe irọ́, torí wọ́n ń rí iṣẹ́. Ìdánwò ìparí táàmù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Bí ọmọ bá ti wà ní SS, ọ̀rọ̀ C.A. yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí WAEC ń gba máàkì náà lọ́wọ́ ilé ìwé.

Nípa èdè: ẹ má jẹ́ kí tísà kan gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìmọ̀. Ní ọdún 1970, nítòsí wa níbí, ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ọmọ tó ti pàdánù táàmù kan kò ní àkókò láti máa lá ohun tí tísà ń sọ. Kí wọ́n fi Yorùbá là á yé e, kí wọ́n wá kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò.

Adití àti afọ́jú: ọ̀nà wọn kò pa pọ̀

Ọ̀pọ̀ ló máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á ní ilé ìwé àkànṣe náà ni fún gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adití nílò àwọn ọmọ mìíràn tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, torí èdè kì í wọ ara ẹni láti ara tísà nìkan. Ibi eré ni ọmọ ti ń kọ́ èdè. Fún un, ilé ìwé àkànṣe láti kékeré ló dára jù, kí ìyá, bàbá àti àwọn àbúrò sì kọ́ èdè àfọwọ́sọ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tó bá pé ọdún méje kí ó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ti pàdánù ohun tó ṣòro láti dá padà. Kí a tó gbà pé adití ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo etí rẹ̀ ní ọsibítù. Ìdọ̀tí etí tàbí etí tó ń tú lè jẹ́ ìdí. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé etí ọmọ ti dàgbà ju èyí tí wọ́n wọ̀n fún un. Kí a padà lọ wọ̀n òmíràn, kí a má jù ú sínú àpótí.

Afọ́jú ní tirẹ̀ lè jókòó sí kíláàsì gbogbogbòò lẹ́yìn tó bá ti mọ Braille (ìwé alámì tí ìka ń kà) àti bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ní ilé ìwé àkànṣe, lẹ́yìn náà kíláàsì gbogbogbòò pẹ̀lú tísà kan tó mọ Braille tó ń yẹ̀ ẹ́ wò: ètò tó dáa nìyẹn. Ohun tó máa ń ya òbí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. A ó fi bébà líle sáàárín pátákó oníhò, a ó fi kókó irin kékeré gún un láti ọ̀tún lọ sí òsì, torí ẹ̀yìn bébà ni àmì ti ń yọ. Bí a bá yí i padà, ìka á máa kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Àmì mẹ́fà ló wà nínú iyàrá kọ̀ọ̀kan. Bébà lásán máa ń ya, àmì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tẹ́. Ìwé Braille kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹrù tó wúwo. Òró ni kí a tò ó bí ìwé inú láíbìrì, torí ìwé tí wọ́n tò lé ara wọn ní ìbùlẹ̀ á di pẹlẹbẹ, ìka kò sì ní rí nǹkan kà mọ́.

Ẹni tó ń wá tísà tó kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Ọ̀yọ́, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà WAEC, ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni a ti ń sọ pé ọmọ kò ríran tàbí kò gbọ́ràn, kí wọ́n lè fún un ní àfikún àkókò àti ìwé ìdánwò tó bá a mu. Ẹni tó dúró di ọjọ́ ìdánwò kó tó sọ ti pẹ́. JAMB náà ní ètò JEOG fún àwọn afọ́jú.

Ọmọ tó ti dàgbà ju kíláàsì rẹ̀ lọ

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní jókòó pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Pírámárì 3, bó bá tilẹ̀ jókòó, ọ̀sẹ̀ kejì ló máa sá. Ọ̀nà méjì ló wà. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti ìrọ̀lẹ́ bá ẹni tó ń tajà tàbí tó ń tọ́jú ọmọ mu: ìpele àkọ́kọ́ kọ́ ọ ní kíkà, kíkọ àti ìṣirò, ìpele tó tẹ̀lé e mú un dé ibi tí ọmọ Pírámárì 6 dé. Ìkejì ni ABEP, tí NERDC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́ni) ṣètò fún ọmọ ọdún 10 sí 18. Ó kó ọdún mẹ́sàn-án pọ̀ sí ọdún mẹ́ta: ìpele kìíní dípò Pírámárì 1 sí 3, ìkejì dípò 4 sí 6, ìkẹta dípò JSS 1 sí 3.

Bí a bá fi wọ́n wéra, ABEP sáré ju èkejì lọ, ó sì ń fi ojú sí BECE, àmọ́ ó ń fẹ́ ọmọ tó lè wá déédéé. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ máa ń farada ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí a tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó kankan, ìbéèrè mẹ́ta ló wà: Ṣé ẹ óò dán ọmọ wò kí ẹ tó pín in sí ìpele? Ilé ìwé wo ni ẹ fi ń ṣe BECE? Ẹ jẹ́ ká rí rẹ́jísítà yín. Ibi tí kò bá lè dáhùn ìkejì, kí a wá ibòmíràn. Ọjọ́ ọjà ló sábà ń já ọmọ kúrò lágbedeméjì, nítorí náà kí ọ̀gá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ yan wákàtí náà fúnra wọn kí wọ́n má baà máa pè é kúrò.

Ẹni tó bá ti ju ti SS lọ lè ṣe WASSCE aládàáni (ìdánwò WAEC fún ẹni tí kò sí ní ilé ìwé), èyí tó ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tàbí ti NECO ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Láti ọdún 2024 ni WAEC ti gbé ti aládàáni lọ sórí kọ̀ǹpútà. Orí ojú ẹ̀rọ ni ìbéèrè ti ń jáde. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan máọ̀sì rí á fi ìdajì wákàtí wá bí yóò ṣe yí ojú ewé. Ẹ mú un lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan fún wákàtí mẹ́rin-márùn-ún ṣáájú oṣù ìdánwò.

Iṣẹ́ ọwọ́

Òṣogbo kò ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọwọ́. Láti ọdún 1983 ni ibùdó Nike Davies-Okundaye ti wà nílùú yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ, bátíìkì àti ọnà lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìyà fún ọmọ tí ìwé kò yé, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ń gba ẹni tó ti ṣe BECE, ọdún mẹ́ta, NABTEB ni ìdánwò rẹ̀, pólì sì ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, NTC (ti iṣẹ́ ọwọ́) àti NBC (ti òwò). Ọ̀gá níta kò bèèrè ìwé kankan, ọmọ á sì máa rí oníbàárà gidi láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé fírídọ̀mù nìkan kò tó níwájú ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́. Kí a fi sínú ìwé àdéhùn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́rin, ọmọ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá kò ní rán an níṣẹ́ ilé, lẹ́yìn ọdún kejì yóò jókòó fún Trade Test ìpele kẹta. Ẹlẹ́rìí méjì, ìkan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà.

Ti fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ìrànwọ́ ló jẹ́. Ó dára fún ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá àti fún ọmọ SS tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Fún ọmọ kékeré, dátà á tán, iná á lọ, eré ni yóò máa wò.

Ìwé tó gbọdọ̀ wà nínú fáìlì kan

Ìwé ìbí, NIN, káàdì èsì táàmù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìwé dókítà, ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ìṣòro tó pọ̀ jù níbí ni orúkọ: Fáthíà lórí ìwé ìbí, Fátíyà nínú rẹ́jísítà, orúkọ bàbá àgbà lórí NIN. Kí a tún un ṣe ní ọdún tó ṣáájú ìdánwò, torí àtúnṣe NIN lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìforúkọsílẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí ara ọmọ bá wá yá tí ó fẹ́ padà sí kíláàsì, kí ó má padà ní ọjọ́ kìíní táàmù, nígbà tí ariwo pọ̀ jù. Kí ó wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí tísà kíláàsì ti ka ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́sìnnì rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 7.